Bí Kíndìnrín Bá Ń Ṣàìsàn, Ọpọlọ Náà Ń Jìyà

 

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ìyá kan ti ń ta gààrí fún ogún ọdún. Owó tó mọ̀ ọ́n kà dáadáa tẹ́lẹ̀ wá ń dà rú mọ́ ọn lójú, ṣéńjì tó ń fún oníbàárà kì í pé mọ́. Lọ́sàn-án á máa tòògbé nídìí ọjà, lóru kò ní rí oorun sùn. Àwọn kan á ní ọjọ́ ogbó ti dé. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ kíndìnrín ni.

Ṣé ẹ mọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì? Irú iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe nìyẹn. Lójúmọ́, nǹkan bíi lítà 180 omi inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ju kẹ́ẹ̀gì epo onílítà 25 méje lọ. Ara á gba èyí tó dára padà, ìdọ̀tí á bá ìtọ̀ jáde. Bí asẹ́ yìí bá bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìdọ̀tí á kù sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì ń lọ sínú ọpọlọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọpọlọ fi ń jìyà rẹ̀:

1. Ìdọ̀tí yẹn á mú kí èèyàn máa gbàgbé, kó máa sùn ṣáá, kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Bó bá le, á máa sọ ìsọkúsọ tàbí kí gìrì mú un.

2. Kíndìnrín ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn eegun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá ránṣẹ́ mọ́, ẹ̀jẹ̀ á dín kù, atẹ́gùn kò ní tó ọpọlọ.

3. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń ba àwọn iṣan wẹ́wẹ́ jẹ́ nínú kíndìnrín àti nínú ọpọlọ pa pọ̀. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde pé irú jíìnì kan, APOL1, tó wọ́pọ̀ láàárín wa, lè mú kí kíndìnrín tètè bà jẹ́ lára ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá.

Kí la máa ṣe? Àìsàn yìí kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de ìrora. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ̀yin tó ń gbé ẹrù wúwo, ẹ yé lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́. Ẹ ṣọ́ra fún àgbo tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ìpara ìbóra tó ní mákúrì.

Bó bá ti le, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú onítọ̀hún á tún là. Ṣùgbọ́n èyí tí rọpárọsẹ̀ bá bà jẹ́ ṣòroó tún ṣe. Ní August 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ kan wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, FMC Abẹ́òkúta àti LUTH wà nínú wọn.

Bí ẹ bá rí ẹlẹgbẹ́ yín tí owó ń dà rú mọ́ lójú, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì mú un lọ sí ọsibítù. Ìlera loògùn ọrọ̀ o.