Ayọ̀ Tí Ipò Kò Lè Fúnni: Ohun Tí Wusasa Fi Hàn Wá

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó kúrò nílé wá sí ìdálẹ̀ tí kò ní ohun tí ó ń lé. Òmíràn ń lé iṣẹ́ ìjọba, òmíràn ń lé òwò ní Sabon Gari, òmíràn sì ń lé ìwé ẹ̀rí gíga ní Yunifásítì Ahmadu Bello tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Bí ọdún bá ń lọ sópin, ilé ni ojú gbogbo wa ń wò. Ẹni tí ó ti kọ́lé sí ìlú rẹ̀ a tètè di ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a a máa wá àwáwí: a ní ọ̀gá òun kò fún òun ní ìsinmi. Bẹ́ẹ̀, ojú ń tì í ni. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kò délé mọ́ láti ọdún pípẹ́ nítorí pé wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi hàn.

Ṣé ibi tí ó yẹ kí ènìyàn so ayọ̀ rẹ̀ kọ́ nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí a wo Wusasa, tí kò jìnnà sí ìlú Zaria rárá. Ní ọdún 1905 ni Dókítà Walter Miller, òyìnbó ajíhìnrere ìjọ C.M.S., wá tẹ̀dó sí Zaria. Ní ọdún 1929 ni iṣẹ́ ìjọ náà kúrò láàárín ìlú lọ sí Wusasa, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì kọ́ ilé ìsìn St. Bartholomew's síbẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn Haúsá ti ń mọlé.

Wusasa yìí ni Yohanna Gowon, ajíhìnrere ọmọ ẹ̀yà Ngas láti ilẹ̀ Plateau, kó ìdílé rẹ̀ wá. Ọmọ mọ́kànlá ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ ajíhìnrere kì í sọ ènìyàn di olówó. Yakubu, ọmọ karùn-ún, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Wusasa, lẹ́yìn náà ó lọ sí Barewa ní Zaria, ó sì wọṣẹ́ ológun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ògún ọdún 1966, ó di olórí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nígbà tí ó ṣì jẹ́ ẹni ọdún 31.

Ìgbà kò lọ bí òréré. Ní ọjọ́ 29 oṣù Agẹmọ ọdún 1975, ó wà ní ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ní Kampala nígbà tí àwọn ológun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní ọdún 1976, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Gowon. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gba oyè ológun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1981 ni Ààrẹ Shehu Shagari tó dárí jì í.

Kí ni ó ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn? Ó di akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Warwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí àwọn ọmọ ogun ti ń kí pẹ̀lú ìbọn ń tò sórí ìlà láti gba oúnjẹ pẹ̀lú àwọn ọmọdé, títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1984. Ohun tí ó jọ mí lójú jù ni pé ó di alámòójútó ilé ìsìn St. Mary ní Monken Hadley, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ alámòójútó kò ju ọ̀ràn òrùlé tí ń jò, owó ọrẹ àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ àga. Ohun tí ó bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní Wusasa kí agbára tó dé, òun náà ni ó ṣẹ́ kù fún un nígbà tí agbára lọ.

N kò sọ pé áńgẹ́lì ni. Ṣáájú ìdìbò ọdún 1993, ó tún wá ọ̀nà láti du ipò Ààrẹ, kò sì rí i. Bákan náà, ẹni tí ó pàdánù òbí tàbí ọmọ nínú ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 kò ní fẹ́ gbọ́ kí a dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀, n kò sì lè bá a jiyàn.

Nínú iṣẹ́ ìtúmọ̀ èdè tí mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dí mi lọ́wọ́. Àwọn Haúsá tí a ń bá gbé ń pe ayọ̀ ní *farin ciki*, èyí ni inú funfun. Lọ́dọ̀ tiwa, inú dídùn ni, a sì fi inú funfun sílẹ̀ fún ẹni tí kò di ẹnikẹ́ni sínú. Mo rò pé ayọ̀ tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ ránṣẹ́ sí àwọn ará Fílípì láti inú ẹ̀wọ̀n gba ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò ní ipò kankan tí ó lè mú inú rẹ̀ dùn. Kristi tí ó gbà gbọ́ nìkan ni ó fi ń yọ̀.

Ọ̀ràn yìí kì í sì í ṣe ti àwọn ẹni ńlá nìkan. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1987, nígbà tí rògbòdìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kafanchan dé Zaria, ọ̀pọ̀ ilé ìsìn àti dúkìá ni ó jóná. Ohun tí ènìyàn fi ogún ọdún kó jọ lè di eérú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ọdún 1996, Gowon dá ẹgbẹ́ àdúrà kan sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè yìí, Nigeria Prays. Ó tún darapọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí àjọ Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, ń ṣe láti lé àrùn sòbìà lọ, ó sì ń bẹ àwọn ará abúlé wò lórí ọ̀ràn omi tí wọ́n ń mu. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i ní ọdún 2013 pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà, ẹni ọdún 79 ni.