Lílọ sí Ọ̀dọ̀ Dókítà Ìdílé: Ohun tí Ó Yẹ kí Gbogbo Ilé Mọ̀

Bí a bá fẹ́ lọ sí ibi ìgbéyàwó, a ó ti fọ aṣọ, a ó ti lọ̀ ọ́, a ó sì ti ka owó sí àpò láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Bí a bá ní ẹjọ́ ní kóòtù, a ó kó gbogbo ìwé wa jọ, a ó sì máa ro ọ̀rọ̀ tí a ó sọ láti òru. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ọ̀ràn ara wa, tí í ṣe ọ̀ràn ẹ̀mí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó máa ń dìde lójijì, tí ó sì ń lọ bá dókítà ní ọwọ́ òfìfo, láìmú káàdì, láìmú oògùn tí a ń lò, láìtilẹ̀ mọ ohun tí a fẹ́ wí. Nígbà tí a bá padà délé, a ó máa ráhùn pé dókítà kò ṣe nǹkan kan fún wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ń fi ìka tọ́ ẹlòmíràn. Àwa pẹ̀lú ti jẹ̀bi, nítorí náà ó tọ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti wa.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí a ti kọjá àádọ́ta ọdún, a bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru láti tọ̀. Ní àkọ́kọ́ ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà tí ó sì yá ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìtọ̀ náà kì í yá mọ́, kíkán ni ó ń kán bí òjò tí ó fẹ́ dá. Ìyàwó wa kíyè sí i, ó sì rọ̀ wá títí a fi gbà láti lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ wa, tí a wọlé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò ju àkọ́bí wa lọ ni a bá lórí àga dókítà. Ojú tì wá. Ó bi wá pé, “Bàbá, kí ni ó ń ṣe yín?” A dáhùn pé ara wa ń gbóná díẹ̀ ni, orí sì ń fọ́ wa. Ó yẹ̀ wá wò, ó fi ẹ̀jẹ̀ wa ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò; kò sí ibà níbẹ̀. Ó tún bi wá pé, “Ṣé kò sí ohun mìíràn, Bàbá?” A ní kò sí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jáde.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní òru ọjọ́ kan, ìtọ̀ kọ̀, kò jáde rárá. Láti alẹ́ títí di ìdájí ni a fi ń jẹ̀rora, tí ìsàlẹ̀ ikùn wa le bí àgbá. Aládùúgbò wa kan ni ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ní láti ki rọ́bà bọ ojú ara wa kí ìtọ̀ tó lè ṣàn. Inú wa dùn láti sọ pé kì í ṣe àrùn jẹjẹrẹ. Ẹran kékeré kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀ gbogbo ọkùnrin, tí àwọn dókítà ń pè ní próstéètì, ni ó wú tí ó sì fún ojú ọ̀nà mọ́. Oògùn wà fún un, èyí tí à bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti oṣù mẹ́sàn-án náà, bí a bá ti la ẹnu wa. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Èyí gan-an ni àwa ṣe.

Nítorí náà ni a ṣe kó àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí jọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n.

Ìkíní, kí a mọ ẹni tí dókítà ìdílé í ṣe. Àwọn kan rò pé dókítà tí kò mọ iṣẹ́ kan pàtó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, àti ọdún kan tí gbogbo dókítà fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà ní ọsibítù, ẹni tí ó bá fẹ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà yóò tún kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún púpọ̀ sí i, yóò sì yege nínú ìdánwò National Postgraduate Medical College of Nigeria tàbí ti West African College of Physicians. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bàbá, ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà inú ilé kan náà, láti ọdún dé ọdún. Bí bàbá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó mọ̀ pé ó yẹ kí a wo ti àwọn ọmọ pẹ̀lú. Òun ni ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a fi aláìsàn ránṣẹ́ sí dókítà ojú, tàbí ti ọkàn, tàbí oníṣẹ́ abẹ. Ní àwọn ọsibítù ńlá, ibi tí a ń pè ní GOP ni a ti ń rí i. Fún ìdí èyí, kò dára kí a máa ti ọsibítù kan bọ́ sí òmíràn ní oṣooṣù, nítorí pé ibi tí fáìlì ẹni bá pẹ́ sí ni wọ́n ti mọ ìtàn ara ẹni.

Àwọn tí ó wà nínú ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, tí a ń pè ní NHIA láti ọdún 2022, ní láti rántí pé ọsibítù tí wọ́n yàn ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ, òun ni yóò sì fún wọn ní ìwé lọ sí iwájú, bí kò ṣe pé ọ̀ràn pàjáwìrì ni. Orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀, ti aya tàbí ọkọ rẹ̀, àti ti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ó lè wà nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá iye owó oògùn ni aláìsàn yóò san.

Èkejì, kí a múra kí a tó kúrò nílé. Ẹ mú káàdì yín àti èsì àyẹ̀wò àtijọ́. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, pẹ̀lú páálí wọn, kí ẹ sì gbé e síwájú dókítà, èyí sàn ju kí a wí pé, “Oògùn funfun kékeré kan ni.” Ẹ kọ ohun tí ó ń ṣe yín sórí ìwé: ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó ń mú un le sí i, ohun tí ó ń mú un rọlẹ̀. Kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tí ó ń tì yín lójú jùlọ ṣe àkọ́kọ́, kí ó má baà ṣẹ́ kù sí ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá fún àyẹ̀wò ṣúgà láìjẹun, wákàtí 8 ni ẹ kò gbọdọ̀ fi jẹ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ẹ lè mu omi lásán. Ẹni tí a ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ obì, mu kofí tàbí fa sìgá ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú; kí ó jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ó sì má ṣe sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Kí ó má sì ṣe fo oògùn rẹ̀ ti òwúrọ̀ ọjọ́ náà nítorí pé ó ń lọ rí dókítà, àyàfi bí dókítà bá ti pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a sọ òtítọ́. Bí ẹ bá ti mu àgbo, ẹ wí i. Bí ẹ bá ti ra oògùn ní kẹ́mísì, ẹ wí i. Dókítà kò bèèrè láti fi yín ṣẹ̀sín. Ó ń bèèrè nítorí pé oògùn kan lè bá òmíràn jà nínú ara. Àwọn oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé mì lójoojúmọ́, lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n lè dá egbò sí inú, wọ́n sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó sì fẹ́ gba àwẹ̀, gbọdọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú, nítorí pé bí ó bá lo oògùn rẹ̀ láìjẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ títí yóò fi dákú.

Àṣírí aláìsàn wà lábẹ́ ìdè lọ́wọ́ dókítà. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹ bèèrè kí ẹ dá sọ̀rọ̀. Obìnrin tí dókítà ọkùnrin fẹ́ yẹ̀ wò lè bèèrè kí nọ́ọ̀sì dúró tì í. Bí dókítà kò bá sì gbọ́ Yorùbá, ẹ má ṣe fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà. Kò sí bí ìyá yóò ṣe sọ ohun tí ó ń ṣe abẹ́ rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ bèèrè nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ èdè wa.

Ẹ̀kẹrin, kí a gbà fún àyẹ̀wò. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gba gbogbo ilẹ̀ ní ìmọ̀ràn pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún ènìyàn ní oògùn ibà. Nàìjíríà sì ti fi chloroquine sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún ibà láti ọdún 2005, nítorí pé kòkòrò ibà ti mọ́ ọn lára. Oògùn tí ó rọ́pò rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń lò ó, a kò sì gbọdọ̀ dá a dúró ní ọjọ́ kejì nítorí pé ara ti fúyẹ́. Ẹ má ṣe bá dókítà jà pé kò fún yín ní abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kò sàn ju oògùn oníhóró lọ fún ẹni tí ó lè gbé e mì.

Ìkarùn-ún, ẹ̀yin ìyá, ẹ tọ́jú káàdì àwọn ọmọ yín. Ní apá ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Wesley Guild Hospital ti Iléṣà, dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó ń wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fa ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ó sì fi káàdì náà lé ìyá lọ́wọ́ láti tọ́jú nílé. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní ayé. Àwọn ìyá ilẹ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn pé ó ṣeé ṣe, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sọnù lọ́wọ́ tiwa. Àjẹsára ń bẹ ní ọjọ́ ìbí, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ní oṣù 9 àti oṣù 15. Láti oṣù Ọ̀kítóbà ọdún 2023 sì ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ.

Ìkẹfà, kí a má ṣe dìde kí a tó bèèrè ohun mẹ́rin: Kí ni ó ń ṣe mí? Báwo ni èmi yóò ṣe lo oògùn yìí? Ìgbà wo ni èmi yóò padà wá? Àmì wo ni yóò fi hàn pé kí n sáré wá ṣáájú ìgbà náà? Ẹ tún ohun tí dókítà sọ wí fún un, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ ọ yé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ń wà ní 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà gbogbo tí a bá wọ̀n ọ́n, kì í sábà dun ni. Nítorí náà, pé ara yín le kò túmọ̀ sí pé kí ẹ dá oògùn dúró.

Níkẹyìn, àwọn ọ̀ràn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ tò fún. Bí àyà bá ń dun ènìyàn bí ẹni tí a gbé ẹrù lé, bí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan kò ṣeé gbé mọ́, bí aboyún bá ń ṣẹ̀jẹ̀, bí ọmọ ọwọ́ kò bá lè mu ọyàn, ẹ lọ tààrà sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí iná. Ẹ gbé e, kí ẹ máa sáré lọ.

Nígbà tí ara wa yá tán, a padà lọ bá ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà yẹn. Ó ṣí fáìlì wa, ó kà á, ó dákẹ́ díẹ̀. A rò pé yóò bá wa wí. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú ewu. Lónìí ńkọ́, ṣé kò sí ohun mìíràn?” A fà ìwé kékeré kan yọ nínú àpò wa, a sì kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀.