Ìrìn-àjò Ìsinmi fún Alágbára àti Aláìlágbára

Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni agbára ènìyàn kò dọ́gba. Nínú agbolé kan, a lè rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í mọ ohun tí ó ń jẹ́ àárẹ̀, kí a rí ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, kí a sì rí ọmọ tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu. Bí irú àwọn wọ̀nyí bá fẹ́ jọ lo ìsinmi ní ilẹ̀ òkèèrè, ètò ni ó yẹ kí a mú bá ẹsẹ̀ wọn mu. A kò gbọdọ̀ fi tipátipá mú ẹsẹ̀ wọn bá ètò mu.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé kan tí ó fẹ́ ti Òkìtìpupa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, tí a ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975, àti sí Tógò. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní ọdún 1979 fi àyè gba ọmọ Nàìjíríà láti wọ ilẹ̀ méjèèjì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mú ìwé ìrìnnà dání, kí wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ó kéré tán ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn-àjò.

Ohun kìíní ni pé kí olúkúlùkù mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Ọ̀nà ìdánwò kan rọrùn: bí ènìyàn bá ń rìn tí ó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ìrìn náà wọ̀n fún un, bí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó ti ju agbára rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tẹ́jú púpọ̀, nítorí náà kí àwọn tí yóò gun òkè lọ dán ara wọn wò ní Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 660.

Lẹ́yìn èyí ni a ó to ọjọ́ tẹ̀léra, kí èyí tí ó rọrùn ṣáájú. Ní Ganvié, abúlé orí omi lẹ́bàá Kútọnu, ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo wọn yóò wọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ilé àwọn Ìlàjẹ rí yóò rò pé ilé ni òun wà. Ní Ouidah, ọ̀nà tí a mú àwọn ẹrú gbà dé etí òkun tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Alágbára lè rìn ín tán. Kí aláìlágbára rin ìdajì, kí ó sì wọ ọkọ̀ parí rẹ̀.

Òkè Agou ní Tógò ni ó le jù, nítorí ó ga ní mítà 986. Ní ọdún 1892, ọmọ Scotland kan, William Naismith, fi ìlànà kan lélẹ̀ tí ó tó báyìí: wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, pẹ̀lú wákàtí kan sí i fún gíga 600 mítà. Alágbára ni ìṣirò yìí wà fún. Kí àwọn yòókù fi àkókò púpọ̀ kún un. Ọ̀nà mọ́tò sì wà lórí òkè náà, nítorí náà ìyá àgbà pàápàá lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ pàdé lókè.

Níkẹyìn, ẹni tí ó lọ́ra jù ni kí ó máa ṣáájú, kí omi má sì ṣe wọ́n wọn. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí gbogbo wọn dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òkè kò ní sá lọ. Ẹ̀mí ni kì í ní ààrọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.