Ọ̀dájú Ló Bí Owó: Bí A Ṣe Ń Ná Ọkọ̀ Tòkunbọ̀

Òwe: Ọ̀dájú ló bí owó, ìtìjú ló bí gbèsè.

Ìtumọ̀: Ẹni tí ojú ń tì láti ná ọjà yóò san iye tí agbára rẹ̀ kò ká. Òwe yìí bá ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ mu, ìyẹn ọkọ̀ àlòkù tó ti òkè òkun bọ̀.

Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye irú ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, lọ́wọ́ ọlọ́jà bíi mẹ́ta. Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání. Àbùkù tó bá rí ni ẹ ó fi ní kí wọ́n dín owó kù.

Ẹ ná an ní iye tó kéré sí èyí tí ẹ lè san, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ lé e. Bí ọlọ́jà kò bá gbà, ẹ máa lọ. Bí owó yín bá pé e, yóò pè yín padà.

Ṣùgbọ́n kí owó pọ́ọ́kú má tàn yín o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e, kí owó ọlọ́dún gbọọrọ sì wọgbó.