Ẹ Fọ Ọmọláńgidi Ọmọ Yín Lẹ́yìn Ìgbẹ́ Gbuuru



Nígbà tí ara ọmọ yín bá yá kúrò nínú ìgbẹ́ gbuuru, ẹ kì í gbàgbé láti fọ aṣọ rẹ̀. Ọmọláńgidi aláṣọ tí ó ń gbé sùn ńkọ́? Ọmọdé a máa fi í sẹ́nu, a sì máa wọ́ ọ nílẹ̀. Kòkòrò àrùn rotavirus, tí ó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru líle fún ọmọ ọwọ́, lè wà lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àbúrò tí ó bá fi í sẹ́nu lè kó àrùn náà.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ fún un dáadáa, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, kí ẹ sì sá a sí oòrùn. Ẹ fọwọ́ tẹ inú rẹ̀ wò, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ a máa tètè gbẹ nígbà tí òwú inú rẹ̀ ṣì tutù, a sì máa bu. Èyí tí ìgbẹ́ bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ jù ú nù, bí ọmọ tilẹ̀ ń sunkún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

Láti ọdún 2022 ni oògùn àjẹsára rotavirus ti wà nínú àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà. Ẹnu ni a ń kán an sí, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ gbé ọmọ wá ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 lẹ́yìn tí ẹ bí i. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ lọ́wọ́.