Tramadol kì í ṣe agbára: ọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wa

Admin yín ló ń sọ̀rọ̀ láti Sábọ́ngárì, Kánò. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ tí a mú wá láti ilé ni, àwọn tó ń ru bélì, tí wọ́n tún ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù.

Òògùn ìrora ni tramadol. Dókítà máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Tí ẹni tó ń ru ẹrù látàárọ̀ bá gbé e mì, ìrora á lọ, ara á yá gágá. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ẹrù ò fúyẹ́ o, ara ni kò lè ké mọ́. Tó bá pẹ́, ẹyọ kan ò ní tó, á di méjì, á di mẹ́ta. NAFDAC ò fọwọ́ sí èyí tó ju milligram 100 lọ, ṣùgbọ́n 225 ni wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀. Ó lè mú kéèyàn ṣubú, kó máa gbọ̀n bí oníwárápá. Tí ọtí bá kún un, èémí lè dúró lójú oorun.

Ìjọba fòfin de omi òògùn ikọ́ oníkodéènì ní 2018, àmọ́ òfin ò gbé ṣọ́ọ̀bù wa. Àwa la wà níbẹ̀. Kí la máa ṣe?

Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun kó tó ru ẹrù. Bélì tó bá wúwo, ẹ fi ọmọlanke gbé e. Ẹ jẹ́ kó mọ ọjọ́ tó máa gba freedom. Ọmọ tó ń retí nǹkan máa ń ṣọ́ra ẹ̀.

Tí ẹ bá wá rí i lápò ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Ọmọ tí ò ní ará níbí, gáréèjì ló ń lọ, ẹni tó ń tà á fún un ló máa gbà á sílé. Ẹ má sì ní kó jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ara á máa ro ó, kò ní rí oorun sùn, á sá padà sí i. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún ìrànlọ́wọ́: 080010203040.

Tó bá ṣubú tó ń gbọ̀n, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, tó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọwọ́ wa ni ìyá wọn fi wọ́n lé. Ẹni tọ́rọ̀ yìí bá kàn, kó pè mí ní kọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú group.