"Ara Bàbá Rẹ Ò Fi Bẹ́ẹ̀ Le"

Ní ọjà Dàńtọ́kpà ní Kùtọnù, a bá ọmọ Kétu kan tó ń ta aṣọ pàdé. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò bàbá òun pe òun lórí fóònù: "Ara bàbá rẹ ò fi bẹ́ẹ̀ le. Máa bọ̀ nílé lónìí." Ó fi 10,000 fránkì ránṣẹ́ fún oògùn, ó sì dúró tajà ọjọ́ náà tán. Nígbà tó fi délé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sin bàbá láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀.

"Wọn ò sọ fún mi pé bàbá kú," ló ń wí títí di òní. Wọ́n kúkú sọ fún un.

Ẹnu wa kì í yá láti pe ikú lórúkọ. Ọba kì í kú, ó wàjà ni. Ẹni tó bá mọ àjà sí òkè ilé nìkan á máa wá àkàbà. Àgbàlagbà tó gbó, ó papò dà. Ọ̀dọ́ ńkọ́? Wọ́n á ní ó ṣaláìsí, nítorí ẹni tí yóò pa ipò dà, ó yẹ kó ti pẹ́ lórí ìjókòó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn. Kó tó di pé àjọ ìlera àgbáyé kéde lọ́dún 1980 pé Ṣọ̀pọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn àgbà kì í dárúkọ rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é, tàbí Olóde. Ẹni tó bá gbọ́ pé ilẹ̀ gbóná nílé lágbájá kò ní bọ́ bàtà wò ó, yóò gba ọ̀nà mìíràn ni.

A bi àgbà kan ní Kétu pé kí ló dé tí wọn kì í là á mọ́lẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Bó bá wà lórí zẹ́míjàn ńkọ́? Ṣé kí n fi òkú méjì ṣe ọ̀kan ni?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dàgbà sínú Faransé á tú "ara ò le" sí Faransé lọ́kàn, yóò sì di àárẹ̀ lásán. Tiwa ni pé kí ará ilé kọ́kọ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nígboro, kí ìyẹn wá jókòó tì í.

Oníṣòwò wa ti wá rí i báyìí pé "lónìí" ni ọ̀rọ̀ wà. Àbúrò bàbá tí kì í pè ló pè, kò sì béèrè owó oògùn. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbé fóònù fún bàbá, wọ́n ní bàbá ń sùn.